Àgádágodo Abẹ́ Ẹnu Ọ̀nà

Ẹni kẹrin tó wá wo ilé Yẹ̀kínì ló sunkún. Nọ́ọ̀sì ni, Louisa lorúkọ rẹ̀, ọlọ́yàyà obìnrin tó ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Ó wọ pálọ̀, ó wo òkè àjà, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní ilé náà tutù, ó wu òun. Ó kọjá sí yàrá kejì. Kò pẹ́ tí Yẹ̀kínì fi gbọ́ tó ń fọwọ́ gbá ògiri.

"Bàbá, níbo ni wọ́n ń gbà jáde?"

"Ibi tẹ́ ẹ gbà wọlé náà ni. Ó wà lẹ́yìn yín."

"Kò sí lẹ́yìn mi."

Yẹ̀kínì wọlé lọ bá a. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, oòrùn ọ̀sán sì ń gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ògiri ni Louisa kọjú sí, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Omijé ti wẹ ojú rẹ̀. Yẹ̀kínì di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó fà á títí dé ìta. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó mí kanlẹ̀, kò dágbére, kò wẹ̀yìn. Ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta ni Yẹ̀kínì ń gbọ́ títí tó fi dé ìsàlẹ̀.

Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ kò sunkún, ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n ṣe sá. Èyí àkọ́kọ́, Obed, òṣìṣẹ́ báńkì tó ti ń bi í léèrè bóyá ó lè san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú fèrèsé ló gbà jáde.

Yẹ̀kínì jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ lérán. Oṣù mẹ́rin rèé tó ti ń ta ilé kan ṣoṣo.

*

Kì í ṣe ẹni tó máa ń tètè bínú. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń kó iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá ní Ọjà'ba, èèyàn tí kò bá sì ní sùúrù kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó abẹ́rẹ́ náà ló fi kọ́ ilé tó ń tà yìí. Òun ló ra ilẹ̀ rẹ̀, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ilé ẹbí tí ẹnì kan lè torí rẹ̀ pe ẹjọ́. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ẹ̀yìn Mapo ló wà, lórí òkè pátápátá, àtẹ̀gùn òkúta mọ́kànléláàádọ́ta ni èèyàn yóò gùn kó tó débẹ̀, mọ́tò kò sì lè débẹ̀ láéláé.

Nígbà tí ara wọn le, wọn kò ka àtẹ̀gùn náà sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, nínú òjò, Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n tò ó ní ọsibítù, wọ́n gbé e padà sílé, láti ìgbà náà ni kò ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bí ọjọ́ tó máa rí dókítà bá pé, ọkùnrin méjì ló ń gbé e lórí àga. Nígbà àkọ́kọ́, ó fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun ti di ọba tí wọ́n ń gbé kiri ìlú. Nígbà kẹta, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e fẹsẹ̀ kọ, àga náà tẹ̀ síwájú, Àṣàkẹ́ sì rí ìsàlẹ̀ òkè lójúkorojú. Láti ọjọ́ náà ló ti ní òun kò lọ síbì kankan mọ́. Ojú fèrèsé ló ń jókòó sí láàárọ̀ títí di alẹ́, tó ń wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà láti Ìdí Àrẹrẹ títí dé Ògùnpa.

"Bàbá Basit," ló wí lọ́jọ́ kan, láìyí ojú kúrò lára fèrèsé, "ẹ gbé mi lọ síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí n lè rí ojú èèyàn kí n tó kú."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Yẹ̀kínì pinnu láti ta ilé, kó fi owó rẹ̀ ra èyí tí kò ní àtẹ̀gùn lápá Molete.

Ìròyìn náà kò tíì pé ọjọ́ méjì nílẹ̀ tí Misbaudeen fi gun òkè wá. Alágbàtà ilé ni Misbaudeen, éjẹ́ńtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ọkùnrin tí kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, tí bàtà rẹ̀ máa ń dán, tí ohùn rẹ̀ sì dùn bí ẹni ń ka wàásù. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ. Láti Bẹẹrẹ títí dé Bẹyẹrùnkà, kò sí ilé tó tà tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

"Alhaji, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ni tèmi," ló wí. "Ìdá mẹ́wàá tún ni màá gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá rà á. Owó ìwé àdéhùn lọ́tọ̀."

"Misbau, kí lo fẹ́ ṣe tí èmi kò lè ṣe?"

"Oníbàárà ni màá mú wá."

"Mo ní ẹnu. Mo ní fóònù. Ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, ẹnu ara mi ni màá fi tà á."

Misbaudeen kò jà, kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń fi áńkáṣíìfù nu eruku lára bàtà rẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó nàró, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa tà á, Alhaji. A jọ wà níbí."

*

Lẹ́yìn tí Louisa sá lọ, Àṣàkẹ́ pe ọkọ rẹ̀ wọ yàrá.

"Ṣé ẹ kì í gbọ́ ọ ni?"

"Kí ni?"

"Kọ́kọ́rọ́. Ìgbàkígbà tí ẹni tó wá wo ilé bá ti wọlé, kọ́kọ́rọ́ kan máa ń yí lábẹ́ ilẹ̀, níbẹ̀ yẹn, lábẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó máa ń dún kẹ́kẹ́, á wá dákẹ́. Mo rò pé etí mi ló ń dún."

Yẹ̀kínì mú ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Kò tíì gbẹ́ jìnnà tó fi rí òwú pupa kan tó yọrí nínú erùpẹ̀. Yẹ̀kínì mọ òwú; kò sí irú rẹ̀ tí kò tíì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ní Ọjà'ba. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe òwú abẹ́rẹ́, kì í ṣe òwú ẹ̀rọ, ó sì tutù rinrin bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde látẹnu ẹran. Ó fà á. Òwú náà ń bọ̀. Ó tún fà á, ó ń bọ̀ síbẹ̀, ó ti gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, ó ti kóra jọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ìfun. Lẹ́yìn náà, ohun kan nísàlẹ̀ di òwú náà mú, ó sì fà á padà.

Yẹ̀kínì jù ú sílẹ̀. Lójú rẹ̀ ni òwú náà fi ń sáré wọlẹ̀, tó ń wọlẹ̀, títí tí ìdí rẹ̀ fi pòórá. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, nǹkan kan dún kẹ́kẹ́.

Ó bo ihò náà. Kò sọ fún Àṣàkẹ́. Bẹẹrẹ ló gbà lọ tààrà, inú ń bí i débi pé kò rántí wọ fìlà.

Misbaudeen fún un ní àga, ó bu omi fún un. Yẹ̀kínì kò jókòó, kò mu omi.

"Kí lo rì síbẹ̀?"

"Níbo, Alhaji?"

"O mọ ibi tí mò ń sọ."

"Èmi kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹ bá gbé ilé yẹn lé mi lọ́wọ́ lónìí, yóò tà kí Jímọ̀ tó dé." Ó fi ìka gbá tábìlì jẹ́jẹ́. "Ìdá mẹ́wàá tí mo sọ ti kọjá o. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni báyìí. Wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ sí i."

Yẹ̀kínì wò ó títí. Bó bá ní òun á sọ̀rọ̀, èébú ni yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti dàgbà ju ẹni tí yóò máa bú èèyàn ní Bẹẹrẹ lọ. Ó jáde. Gbogbo ọ̀nà ilé ló fi ń sọ̀rọ̀ ní òun nìkan.

*

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọjọ́ kejì, kí àwọn ará ọjà tó ṣí ìsọ̀ wọn, ó wà lọ́dọ̀ Màmá Jemima ní Ọjà'ba. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pa ìsìn jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, eélo ló ń tà: egbò, èèpo igi, orí ẹran gbígbẹ, àti àwọn nǹkan tí kì í sọ orúkọ wọn fún ẹni tí kò bá rà á. Òun àti ìyá Yẹ̀kínì ni wọ́n jọ ń pàtẹ nígbà ayé ìyá náà.

Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìdá sí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí Yẹ̀kínì na ọwọ́ tó fi fa òwú. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu imú rẹ̀ kíákíá.

"Àgádágodo ni wọ́n fi tì í. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láti rà á, ilé náà ń sọ fún un pé kò ní jáde mọ́."

"Ẹ bá mi ṣí i."

"Kò ṣeé ṣí. Odò ni wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí, omi sì ti gbé e lọ. Ẹni tó tì í gan-an kò lè ṣí i. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá lè ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n lè mú ẹnì kan kó máa wọlé bọ̀, kó má lè padà."

Ó gbé ìgò kékeré kan jáde láti abẹ́ àpótí tó jókòó lé. Ẹ̀tu dúdú ló wà níbẹ̀. Kò fún un lójú ẹsẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó sì ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ:

"Omi tó bọ́ lójú kò padà sójú.
Eérú tó kúrò níná kò padà di igi.
Lágbájá tó bá wí láàárín òpó méjì pé òun yóò rà,
kó má padà di ẹni tó ń rò ó."

Ó dé ìgò náà.

"Fi pa òpó ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Ẹni tó bá dúró láàárín wọn, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun á ra ilé náà, yóò rà á, bó jẹ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ni yóò tà. Má pè é. Má tàn án. Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Bí ó bá wá kábàámọ̀ ńkọ́?"

"Ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dè é," ni Màmá Jemima wí. "Èmi kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u. Rò ó dáadáa, Yẹ̀kínì."

Yẹ̀kínì kò rò ó. Ó ti sú u.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ Misbaudeen lọ́jọ́ náà, ó pẹ́ kí Yẹ̀kínì tó gbọ́ ọ, lẹ́nu Bushrah, ìyàwó Misbaudeen.

Bushrah ní ọkọ òun ń jẹun lọ́sàn-án nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé, ọwọ́ tó fi rì nǹkan. Ó pa abọ́ tì, ó lọ bá oníṣègùn kan tí kì í jẹ́ kí òun mọ ilé rẹ̀. Nígbà tó dé, ìbẹ̀rù ti sọ ojú rẹ̀ di kékeré. Ó ní wọ́n ní Yẹ̀kínì ti fi nǹkan sí ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Wọ́n ní bó bá fẹ́ kí ọwọ́ náà sàn, kó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sómi nu ún kúrò kó tó di ọjọ́ kẹta, kó má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rírà tàbí títà bó bá wà níbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ sọ," ni Bushrah wí. "Ó sì ń tún un sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń wọ bàtà."

*

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, Yẹ̀kínì jókòó nínú pálọ̀, ó gbé agbádá kan lé itan, ó ń ránṣọ. Ẹ̀tu ti wà lára òpó méjèèjì, kò hàn sí ojú. Ojú ọjọ́ ṣú, òjò kò sì rọ̀. Ẹyẹlé kankan kò bà lé òrùlé.

Ó gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn. Ó kà á. Nígbà tó pé mọ́kànléláàádọ́ta, Misbaudeen dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Alhaji, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní kí n wá kí yín ni."

"O ṣé."

Misbaudeen kò wọlé. Ó fi èjìká ti òpó ọwọ́ òsì bí ẹni tó ti rẹ̀, ó sì yọ áńkáṣíìfù tó tutù láti àpò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu òpó náà jẹ́jẹ́. Yẹ̀kínì ń wò ó lábẹ́ ìpéǹpéjú. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dìde lé e, ó ti bà á jẹ́. Bó bá dákẹ́, òpó kan ti fẹ́ mọ́ tán.

Misbaudeen na ọwọ́ sí òpó kejì.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níta?" Ohùn Àṣàkẹ́ ni, láti inú yàrá. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀tu, kò mọ nǹkan kan nípa òwú. "Bàbá Basit, ṣé ẹni tó wá ra ilé ni?"

Ọwọ́ Misbaudeen dúró lórí òpó kejì.

"Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta," ni Àṣàkẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n, "ẹ má sá bíi ti àwọn yòókù. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti wà lójú kan. Ẹ bá wa rà á."

Yẹ̀kínì rí ojú Misbaudeen. Kì í ṣe ojú ẹni burúkú nígbà náà. Ojú ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ti kú ni, tí ìyá àgbà kan ń bẹ̀, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé rárá. Ogún ọdún ló ti ń fi ohùn dídùn dá àwọn èèyàn lóhùn. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà náà lámọ̀jù.

"Ẹ má sunkún, Màmá," ni Misbaudeen wí. "Màá rà á."

Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yí kẹ́kẹ́. Áńkáṣíìfù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Yẹ̀kínì, Yẹ̀kínì náà wò ó. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn.

*

Kò ná an. Ìyẹn ló ya lọ́yà tó ṣe ìwé ilé náà lẹ́nu jù. Ó ta mọ́tò rẹ̀, ó ta ọ́fíìsì Bẹẹrẹ, ó yá èyí tó kù, ọjọ́ kẹsàn-án ló fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tó ń fún Yẹ̀kínì ní owó, ó ń wò ó bíi pé ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó má gbà á. Yẹ̀kínì gbà á.

Wọ́n gbé Àṣàkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nígbà ìkẹyìn. Ilé tuntun tó wà lápá Molete kéré, ariwo mọ́tò kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Oṣù kan kò pé tí Àṣàkẹ́ fi ń fi irin tí wọ́n fi ń rìn jáde síta, tó ń jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, tó ń bá ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ tàkúrọ̀sọ. Ó tún ti ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó yẹ kí inú Yẹ̀kínì dùn. Kò dùn. Bó bá ń ránṣọ, á kàn ṣàdédé dúró, á tẹ́tí sílẹ̀ sí abẹ́ ilẹ̀.

Ní oṣù kejì ni Bushrah dé. Kò bá wọn jà. Ó jókòó lórí ẹní níwájú Àṣàkẹ́, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀: bí ọkọ òun ṣe rì àgádágodo, bí wọ́n ṣe rán an lọ nu òpó, àti bó ṣe wà báyìí. Ibikíbi tí Misbaudeen bá wà, bí Mọ̀gàríbì bá ti kù díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e padà sí ilé òkè náà. Ó fẹ́ tà á kó fi san gbèsè, àwọn tó fẹ́ rà á sì ń wá, ṣùgbọ́n bó bá ti lanu láti sọ̀rọ̀ ilé, ilékílé, ohùn rẹ̀ á lọ. Éjẹ́ńtì tí kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ti yọ bọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrò ní Bẹẹrẹ.

Nígbà tí Bushrah lọ, Àṣàkẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Basit, ẹnu mi lẹ lò."

"Èmi kò mọ̀ pé o máa sọ̀rọ̀."

"Ẹ mọ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ẹ sì gba owó rẹ̀." Ó ń wo ojú rẹ̀ tààrà. "Mo bẹ èèyàn, ó ṣàánú mi, àánú yẹn ló sì mú un. Èmi kò lè máa fi ìyẹn rìn nílẹ̀ títẹ́jú. Ẹ lọ bá a tà á."

*

Màmá Jemima kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. "Mo ti sọ fún ọ," ló wí, ó sì ń tú egbò rẹ̀ sórí àtẹ.

Yẹ̀kínì gun òkè náà. Misbaudeen jókòó sójú fèrèsé, níbi tí Àṣàkẹ́ máa ń jókòó sí. Ó ti rù. Bàtà rẹ̀ kò dán mọ́.

"Misbau, èmi ni màá bá ọ wá ẹni tí yóò rà á," ni Yẹ̀kínì wí. "Wọn kò tíì de ẹnu tèmi."

Misbaudeen lanu láti fèsì, ohùn rẹ̀ kò jáde. Ó fa ìwé ya, ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Ìdá mélòó lẹ máa gbà?*

Yẹ̀kínì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé òun á bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Misbaudeen náà rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì sí ìró kankan.

Ìṣòro gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Yẹ̀kínì mú àwọn oníbàárà wá, wọ́n sá. Ó mú àwọn mìíràn wá, ọ̀kan lára wọn dákú sí pálọ̀. Ó pe àwọn tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn mọ́kànléláàádọ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, àwọn èèyàn ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ló mọ ohun tí éjẹ́ńtì ń fi ojú rí. Nígbà tó ṣe, Àṣàkẹ́ ní kó má tan ẹnikẹ́ni mọ́, kó sọ òótọ́ fún wọn nísàlẹ̀ òkè kí wọ́n tó gùn ún. Ó sì ń sọ ọ́. Wọn kì í gùn ún mọ́ rárá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń padà.

Títí di ọjọ́ tí Tíṣà Hezekiah wá.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó gbé báàgì kékeré kan lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ òkè yẹn ni wọ́n bí i sí, ilé ibẹ̀ ti wó tipẹ́. Yẹ̀kínì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àgádágodo, òwú, ẹ̀tu, kò fi ọ̀kan pamọ́. Tíṣà ń tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àyọkà.

"Ọdún mẹ́fà rèé tí ìyàwó mi kú," ló wí nígbà tí Yẹ̀kínì dákẹ́. "Bọ́lájí ọmọ mi á gbé mi sọ́dọ̀ fún oṣù mẹ́ta, á kó mi fún Purity àbúrò rẹ̀. Purity á kó mi padà fún un. Wọ́n ń tọ́jú mi o, n kò fi wọ́n sùn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì tú báàgì yìí láti ọdún mẹ́fà. Ilé tí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ ni mò ń wá."

Ó gun òkè náà, ó ń sinmi lórí àtẹ̀gùn mẹ́wàá-mẹ́wàá. Misbaudeen dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Tíṣà Hezekiah wọ àárín òpó méjèèjì, ohun kan yí ojú Misbaudeen padà.

"Tíṣà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì jáde, ó há bí irin tó dípẹtà, "ṣé ó dá yín lójú? Ẹ lè padà."

Yẹ̀kínì kò tíì gbọ́ kí éjẹ́ńtì kankan sọ irú rẹ̀ rí.

"Màá rà á," ni Tíṣà Hezekiah wí.

Kọ́kọ́rọ́ dún lábẹ́ ilẹ̀. Bàbá náà gbọ́ ọ, ó mi orí, ó wọlé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ìwé, Misbaudeen sọ̀ kalẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Yẹ̀kínì ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo bàbá náà nínú pálọ̀, tó tú báàgì rẹ̀, tó ń to ẹ̀wù mẹ́ta sórí àga lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá rí i tó nàró, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri.

"Tíṣà, ṣé ẹ rí ọ̀nà?"

"Rárá," ni bàbá náà dáhùn, ara sì tù ú. "N kò rí i. Ẹ bá mi pa á dé."

Yẹ̀kínì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di ilẹ̀kùn mú, ó sì pa á dé.